Kí Ilẹ̀kùn Kọ́kọ́ Jí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fọwọ́ ara mi pa lífìtì ilé wa, mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo sì so ó mọ́ ọrùn. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àjà méjèèje ti gbọ́ pé èmi ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pẹ́. Iná lọ, iná dé, bó ṣe máa ń ṣe. Aránṣọ tó ń gbé àjà kẹta ń wọnú lífìtì lọ́wọ́, ó ti gbé àpò aṣọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú, ìkejì wà níta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lífìtì sì gbéra. Kò gòkè ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó fi dúró, àmọ́ àpò ti há, aṣọ ti ya, aránṣọ sì ti fò sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sílẹ̀.

"Ìyá Wáyà!" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nínú ilé àti níbi iṣẹ́ nìyẹn. "Ìwọ Ìyá Wáyà! Ṣé ẹ̀rọ yín fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi ni, àbí kò mọ̀ pé méjì péré ni mo ní?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀."

"Mo ti fà sẹ́yìn kó o tó sọ ọ́. Ẹ̀mí kì í dúró gba àṣẹ."

Mo gbé e dìde, mo gbọn eruku ìdí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló ṣe pátákó tó ń darí lífìtì náà. Èmi gan-an ni mo kọ apá tó ń sọ fún un bóyá ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó pa dé. Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ lọ́rọ̀, bí ẹ̀rọ bá purọ́, ta ni wọ́n máa bi?

Àmọ́ ẹsẹ̀ aránṣọ nìkan kọ́ ló ń lé mi kiri. Bàbá mi wà ní àjà keje. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti lọ láti ọdún mélòó kan, ti òsì ló kù, òun náà sì ti ń di bàìbàì bí fèrèsé tí èéfín bò. Oṣù mẹ́jọ la fi tò sórí ìlà kí dókítà ojú tó fún wa ní ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé bí a bá pàdánù ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìlà la máa padà sí, ojú náà kò sì ní lè dúró de oṣù mẹ́jọ mìíràn. Ìgbáròkó bàbá mi kò sì gba àtẹ̀gùn. Ìgbà kan tí àwọn ọkùnrin méjì gbé e sọ̀kalẹ̀, egungun náà yẹ̀ ní àjà karùn-ún, níbi tí àtẹ̀gùn ti fún tó sì yí bí ìkarahun ìgbín. Àga pàápàá kì í lè yí níbẹ̀. Ibùsùn wa gan-an, ńṣe la gé e sí méjì kó tó gòkè.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Ó jókòó sétí fèrèsé, ó kọ ojú òsì sí ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti pa lífìtì."

"Ta ni wọ́n?"

"Èmi ni, Bàbá."

Mo rò fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó mi orí. "O ṣe dáadáa. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun à ń fi dán ẹ̀rọ wò. Ìgbà wo lo máa ṣí i?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ ni," ó ní, bí ẹni tó ti bá Ọlọ́run pín iṣẹ́ náà. "Lọ ṣe tìrẹ. Màá máa ṣe tèmi lórí eékún. Irọ́, eékún ò ṣeé fi kúnlẹ̀ mọ́. Màá ṣe é lórí àga."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, mo dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọjọ́rú, mo ti wà níbi iṣẹ́ kí ilẹ̀kùn ọgbà tó ṣí. Yàrá oníwíńdò méjì ni, tábìlì gígùn kan wà láàárín rẹ̀, pátákó kan tí ó jọ ti ilé wa bí ìbejì sì wà lórí tábìlì. A ti so mọ́tò kékeré kan mọ́ ọn, àti ojú tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, àti iná aláwọ̀ ewé kan tí kò ju ẹ̀wà lọ, irú èyí tó wà nínú lífìtì ilé wa, tó máa ń tàn bí ilẹ̀kùn bá ti jí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnì tí a fi ń pa iná, tí a fi ń tàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú pátákó náà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà níbẹ̀. Ètò tó jẹ́ olórí nínú rẹ̀ là ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì, òun ni baálé. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ètò kéékèèké tí à ń pè ní módù wà, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: módù mọ́tò, módù ilẹ̀kùn, módù wáyà tí gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí iná bá dé, baálé á máa jí wọn. Wàhálà dé bí mọ́tò bá jí ṣáájú ilẹ̀kùn. Mọ́tò á bèèrè pé, "Ṣé o ti pa dé?" Ilẹ̀kùn tó ṣì ń sùn kò ní dáhùn. Mọ́tò á ní dídákẹ́ túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, á sì gbéra.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kọ àwọn ìlà ìṣọ́ sínú módù kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé, "Mo ti jí." Mo pa iná, mo tàn án. Ilẹ̀kùn kọ́kọ́ jí, mọ́tò tẹ̀ lé e. Mo tún pa á, mo tún tàn án. Ọgbọ̀n ìgbà, kò yẹ̀. Mo yọ àwọn ìlà ìṣọ́ kúrò. Ní ìgbà kẹta péré, mọ́tò kùn kí iná aláwọ̀ ewé tó tàn. Mo dá wọn padà: ogójì ìgbà, kò sí àléébù kankan. Ó dà bí ọmọ tó ń ṣe jẹ́jẹ́ lójú àlejò, tí àlejò bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, á fọ́ àwo.

Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi. Kíkọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà máa ń gba àkókò. Mọ́tò tó yẹ kó sáré dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró ń kọ̀wé, ilẹ̀kùn sì rí àyè jí. Ìṣọ́ tí mò ń ṣọ́ ọ gan-an ló ń tún un ṣe.

Ẹlẹgbẹ́ mi tí a ń pè ní Onísùúrù dúró lẹ́yìn mi. Ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí àìsàn ẹ̀rọ tí kì í fi ìdúró wò. Ẹ̀rọ kọ̀ láti tẹ̀wé? Jẹ́ kó dúró díẹ̀. Wáyà ń jó? Jẹ́ kó dúró díẹ̀.

"Fi àwọn ìlà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Tàbí kó o ní kí mọ́tò dúró ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Sùúrù ni baba ìwà."

"Baba ìwà ni, kì í ṣe baba mọ́tò."

"Ìyá Wáyà, agogo mọ́kànlá nìyí. Bó o bá kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn, kí bàbá ẹ tó jẹun ọ̀sán, lífìtì ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà kò ní bèèrè irú ìlà tó o kọ."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ìlà náà. *Dúró, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.* Ìka mi wà lórí bọ́tìnì tó máa fi í pamọ́. Mo wá ronú yàrá ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé ilé wa, tó ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, tó ń tutù lóru. Ta ló sọ fún mi pé ìdúró tó tó lórí tábìlì yìí á tó lọ́hùn-ún? Bó bá di ọjọ́ kan tí ilẹ̀kùn nílò mẹ́fà ńkọ́? Bàbá mi kì í gbé ẹsẹ̀ kíá. Bí ó bá ń wọ lífìtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa ń pẹ́ níta.

Mo pa ìlà náà rẹ́.

"Ká ka iye ìdúró tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná," mo ní.

A kà á. Mọ́kànlá ni. Onísùúrù ló fi márùn-ún síbẹ̀, àwọn tó ti lọ fi mẹ́ta sílẹ̀, èmi pẹ̀lú ìgbéraga mi sì fi mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí àrùn yìí ti ń bẹ, kálukú wa kàn ń rọ ẹrẹ̀ mọ́ ògiri. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gbogbo ìdúró mọ́kànlá náà sì yí ibì kan ṣoṣo ká bí ọgbà: fáìlì módù mọ́tò, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọwọ́ kàn rí.

Baba Àkọ́kọ́ ló kọ ọ́. Òun ló kọ́kọ́ kọ ètò ní ilé-iṣẹ́ wa, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, lókè ibi tí a ń gbé bàtà sí. Lórí fáìlì náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.* Bí ọmọ tuntun bá dé síbi iṣẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ fún un nìyẹn. A kì í bèèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Mo ṣí i. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ wá níyà. Ìkíní ní kí baálé ka mọ́tò mọ́ àwọn tó ń kọ́kọ́ jí, ṣáájú gbogbo ẹbí. Ìkejì ní bí ilẹ̀kùn kò bá sọ̀rọ̀, kí mọ́tò gbà pé ó ti pa dé.

"Má fọwọ́ kàn án o," Onísùúrù ní. Ó ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé àdúrà.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ tọrọ àyè."

Mo pe Baba Àkọ́kọ́. Fóònù dún títí, mo sì ń rìn láti wíńdò kan dé ìkejì.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni, ọmọ yín tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù."

"Áà! Ajẹpẹ́ńsù! Ṣé eyín ṣì kù lẹ́nu ẹ?"

"Ó kù, sà. Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Mo fẹ́ fọwọ́ kan módù mọ́tò."

"Ibo nínú ẹ̀?"

Mo ka ìlà méjèèjì fún un. Mo gbọ́ tí àga han níbi tó wà. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ mìíràn tí màá fi tẹ̀ lé e.

"Ó ṣì wà níbẹ̀?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Títí di òní olónìí?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo kọ ọ́ fún!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé Onísùúrù gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì. "Àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Orí tábìlì ni mọ́tò wà, kò tíì sí ilẹ̀kùn kankan rárá! Ilẹ̀kùn wo ló máa dáhùn? Mo ní kó tètè jí, kó gbà pé ilẹ̀kùn ti pa dé, kí nǹkan ṣáà lè yí lójú àlejò. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi lọ. Wọ́n lọ ní agogo mẹ́rin!"

"A ò mọ̀, sà."

"Ẹ ò mọ̀? Ṣé mo ti kú ni? Èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó lè bi mí?"

"Ọ̀wọ̀ yín la bù fún yín, sà."

"Ọ̀wọ̀!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òṣé. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ṣé ó ti ṣe ẹnì kankan léṣe?"

"Ó ya àpò aránṣọ kan. Ó kù díẹ̀ kó mú ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun. Yọ ọ́, ọmọ mi. Yọ méjèèjì, kó o sì yọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè náà. Má jẹ́ kí orúkọ mi wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Mo yọ wọ́n. Mo kó mọ́tò kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́kọ́ jí. Mo kọ́ ọ pé bí ó bá bi ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn kò dáhùn, kó má ṣe ka ìṣẹ́jú-àáyá, kó má sì fi ọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn lẹ́nu. Kó sọ fún baálé pé, "Kò tíì yá, ẹ padà wá pè mí," kó sì bọ́ sẹ́yìn ìlà. Baálé á jí àwọn yòókù, á tún padà wá pè é, iye ìgbà yòówù kó gbà. Onísùúrù ń yọ àwọn ìdúró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n ń fa léyín.

"Èyí ṣì dáa," ó ń wí. "Èyí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Yọ ọ́."

Ó jókòó ti bọ́tìnì, ó ń pa iná, ó ń tàn án, mo sì ń kà. Ogún. Ọgbọ̀n. Ilẹ̀kùn, mọ́tò. Ilẹ̀kùn, mọ́tò. Ní ìgbà kẹtàlélógójì, kò sí ẹni tó jí. Iná aláwọ̀ ewé kò tàn, mọ́tò kò kùn. A dúró. A dúró títí tí Onísùúrù fi wò mí.

"Baba Àkọ́kọ́ ti gégùn-ún fún wa," ó ní.

Kì í ṣe ègún. Èmi ni. Módù ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọwọ́ mi, ti jí ṣáájú módù wáyà tó fi ń sọ̀rọ̀. Kò rí wáyà, ó sì padà lọ sùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n padà wá pe òun. Bí mo ṣe kọ ọ́ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ìdúró mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bo àṣírí mi. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń na ìka sí fáìlì àgbàlagbà, láìmọ̀ pé ìka mẹ́ta ń wo èmi náà. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò ráyè ìtìjú. Mo kọ́ ilẹ̀kùn náà ní ohun tí mo kọ́ mọ́tò: bí kò bá tíì yá, sọ pé kò tíì yá.

A bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Igba ìgbà la pa á tí a tàn án. Ìka Onísùúrù ti pọ́n. Nígbà tó pé igba, ó na ẹ̀yìn, ó ní, "Ó wá tún ń tètè jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni gbogbo ìdúró yẹn ti ń ṣe látọjọ́ yìí?"

"Wọ́n ń dúró dè wá."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Oòrùn kò tíì wọ̀, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ kan lífìtì ilé lọ́jọ́ yẹn. Ìlànà wa ni pé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ la fi ń gun orí òrùlé. Mi ò mọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, agogo méje, mo ti wà ní yàrá ẹ̀rọ lókè. Mo fi ètò tuntun sí i. Mo pa á, mo tàn án lógún ìgbà, lífìtì ṣófo. Mo fi àpò ìyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, mo tún pa á, mo tún tàn án: mọ́tò kò mira. Mo gbé àpò kúrò. Mo wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀, mo wọ̀ ọ́ padà, èmi nìkan. Agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo lọ mú bàbá mi.

Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti wọ bàtà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọnú lífìtì, ìkejì pẹ́ níta bí mo ṣe mọ̀ pé yóò pẹ́, mi ò sì mí títí ó fi gbé e wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Àjà kẹfà. Àjà karùn-ún.

Láàárín ìkẹrin àti ìkẹta, iná lọ.

Òkùnkùn biribiri. Bàbá mi di apá mi mú.

"Ṣé ojú mi ni, àbí iná ni?"

"Iná ni, Bàbá."

"Ọlọ́run ṣeun." Mo gbọ́ tó ń mí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí lóhùn jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí ibà bá mú mi:

"Ọmọ a-tilẹ̀kùn-kéwu-má-wọlé,
Ọmọ a-ṣí-i-kíre-má-pẹ́-níta.
Wọ́n ní kó yára, ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.
Wọ́n ní kó jókòó, ìdí rẹ̀ ò balẹ̀,
Àfi bó bá rí okùn tó so pọ̀…"

Iná dé. Gílóòbù òkè mọ́lẹ̀. Mo kọjú sí ara ògiri lífìtì, síbi tí iná kékeré wà. Kò tíì tàn. Mo tẹ́tí sí òkè, mò ń bẹ̀rù kí n má lọ gbọ́ kíkùn kí iná náà tó tàn. N kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kíkùn ló ṣáájú. Bàbá mi náà ń fetí sílẹ̀. Etí rẹ̀ ló kù fún un.

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

"Èwo ló jí?" ó ní.

"Ilẹ̀kùn ni, Bàbá."

Ìgbà náà ni mọ́tò tó kùn lókè orí wa, jẹ́jẹ́, lífìtì sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

"Àmín," bàbá mi wí, bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ kò gùn.

Aránṣọ ló dúró nísàlẹ̀, òun àti àpò rẹ̀ tó ti rán pa dà pẹ̀lú òwú pupa. Kò wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó na ìka, ó ń kà.

"Ẹsẹ̀ Bàbá, méjì. Ẹsẹ̀ Ìyá Wáyà, méjì. Ọ̀pá, ẹyọ kan." Ó gbé àpò rẹ̀ sókè. "Ó pé. Ẹ kọjá, kí n wọlé. Bàbá, ẹ bá mi kí dókítà o, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín."

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Takisí ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lífìtì lọ́rùn, mo fi lé aránṣọ lọ́wọ́ kó lè pa á bí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀, mo sì di apá bàbá mi mú.